Orè Ẹní Mẹ́rin

"Ẹni sọ òòró di méjì, tó sọ ìbú di méjì, orè ẹní mẹ́rin ni kó wá." Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí ní Arómi a máa rò pé àwa ará ibẹ̀ kò mọ ìṣirò. Ẹ má tíì dá wa lẹ́jọ́. Ọmọ́tóyè ló fa ọ̀rọ̀.

Opó ni Ọmọ́tóyè, ẹní ló ń hun jẹun. Nígbà tí egbò ẹsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, aládùúgbò mẹ́jọ ló ń ro oko rẹ̀, tí wọ́n ń pọnmi fún un, títí ó fi dìde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣèlérí ẹní ọpẹ́ kan tí gbogbo wọn yóò jọ jókòó sí. Èèyàn mẹ́rin ni ẹní kan ń gbà. Ó ní òun yóò sọ òòró rẹ̀ di méjì, òun yóò sì sọ ìbú rẹ̀ di méjì. Ó gé orè, koríko etí odò tí a fi ń hun ẹní, ìwọ̀n ẹní méjì, ó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ti sún mọ́lé nígbà tí orè tán. Ìbú ẹní ti di méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òòró rẹ̀ kò ju ti ẹní lásán lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti gbẹ etí odò. Ní Arómi, a kì í gé ẹní ọpẹ́ kúrú. Ẹni tó bá gé e, wọ́n á ní ó ti gbàgbé oore. Ọmọ́tóyè bú sẹ́kún.

Ìyá Fadérera, ìyálé ilé, wọlé bá a.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Ìyá mi, wọ́n ti jí orè mi!"

Màmá wo ẹní náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ògbólógbòó ẹní méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ìbú tó o fẹ̀ rèé." Ó tún tẹ́ méjì sí ìsàlẹ̀ wọn. "Òòró tó o fà rèé. Mélòó ló wà nílẹ̀?"

"Mẹ́rin ni, ìyá mi."

"Kò sólè níbí. Ọpẹ́ rẹ ló ju orè rẹ lọ."

Màmá ò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ó sọ ọ́ káàkiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ahunní àdúgbò ń gbé orè tí wọ́n fi pamọ́ sájà bọ̀. Ọmọ́tóyè yarí: "Oore ni mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀, ẹ tún ń ṣe òmíràn kún un?"

Lákànlé àgbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ, dá a lóhùn: "Ìyàwó, hun ẹní jàre. Àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lo fẹ́ ká jókòó sí?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn mẹ́jọ jókòó, ìdajì ẹní ṣófo. Wọ́n pe àwọn tó gbé orè wá, àyè ṣì kù. Ọmọ́tóyè dúró ti ògiri, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Fadérera fọwọ́ lu ẹní: "Àyè tìẹ rèé. Jókòó."

Ó jókòó sáàárín wọn, ó na ẹsẹ̀ tó ti san. Ayọ̀ pọ̀ lọ́kàn rẹ̀, omijé ń bọ́, kò sì nù ún.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ọpẹ́ ńlá ní Arómi, a máa ń kìlọ̀ fún un, a sì máa ń bá a gé koríko: ẹni sọ òòró di méjì, tó sọ ìbú di méjì, orè ẹní mẹ́rin ni kó wá.