Obì Aláwẹ́ Mẹ́rin tí Ìjàpá Kò Fẹnu Kàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ohùn yín ò jáde. Ṣé ẹ̀gúsí mi tí ẹ ń bó ló wà lẹ́nu yín ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-hẹ́n. Wọ́n ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Èmi ti dàgbà kọjá ìyẹn. Látóyọ̀sí, gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Mo ti gbọ́: tíṣà yín ní kí ẹ kọ ohun tó ń jẹ ohun mìíràn, láti orí koríko títí dé òkè. Ó tún ní kí ẹ mú ìtàn kan wá, kí ẹ sọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tó kọ́ni. Màá ṣe méjèèjì pọ̀ fún yín. Ẹ ṣáà máa bó ẹ̀gúsí mi lọ.

Àlọ́ mi ta pọ́ún lórí koríko, ó gun tata lẹ́yìn, ó bọ́ sẹ́nu kọ̀ǹkọ̀, ó wọ́ tẹ̀lé ejò, ó bá àwòdì fò lọ sókè, ló bá já lulẹ̀ gbì! Orí ta ló já lé? Orí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹ máa ṣọ́ ẹni tí kò jẹ níbi tí àwọn yòókù ti jẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa já sí.

Ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko lọ́dún kan. Ewé gbẹ, odò fà. Ọgbà tẹ̀tẹ̀ tí Yánníbo gbìn sétí odò nìkan ló ṣì tutù, nítorí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń pọnmi sí i. Òun ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹ. Bí ọgbà yẹn bá lọ, ebi ló kù. Tata àtàwọn ọmọ rẹ̀ a máa wá já a jẹ létí létí, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ níbẹ̀, torí Kọ̀ǹkọ̀ ń jẹ Tata. Ejò ń jẹ Kọ̀ǹkọ̀. Àwòdì ń jẹ Ejò. Ó yá, Látóyọ̀sí, mú ìwé, kọ ìyẹn. Ó tó, gbé e sílẹ̀.

Ìjàpá ò ro gbogbo èyí. Ẹ̀fọ́ ti sú u. Ó bá Tata níbi tó ti ń sunkún.

"Tata, kí ló dé?"

"Bàbá, Kọ̀ǹkọ̀ ni o! Ó tún gbé ọmọ mi mì láàárọ̀ yìí."

"Ṣé kí n bá ọ bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!"

"A kì í fọwọ́ lásán bẹ̀bẹ̀. Kí lo ní nílé?"

Tata ní ẹ̀wà díẹ̀ tó fi pamọ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ wá. Ìjàpá mú obì àbàtà kan jáde, aláwẹ́ mẹ́rin, ó ya awẹ́ kan fún un.

"Jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ nínú obì yìí ti di ọmọ ìyá rẹ. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ara yín; ẹni tó bá dà á, ikùn rẹ̀ á bẹ́."

Ó di ọ̀dọ̀ Kọ̀ǹkọ̀. "Kọ̀ǹkọ̀, ó mà ṣe o! Ejò ń béèrè ọ̀nà ilé rẹ."

"Yéè! Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Kọ̀ǹkọ̀ kó ẹja gbígbẹ tó kù nílé fún un, ó jẹ awẹ́ kejì. Ìgbà tó jẹ ẹ́ tán ló gbọ́ pé Tata ti jẹ awẹ́ kìíní.

"Tata wá ńkọ́? Ṣé mi ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́ ni?"

"Èwo lo fẹ́, Tata àbí ẹ̀mí rẹ?"

Kọ̀ǹkọ̀ fò padà sómi.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi Àwòdì dẹ́rù ba Ejò, tó gba ẹyin awó mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ọdẹ dẹ́rù ba Àwòdì, tó gba itan àdìẹ. Awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán.

Yánníbo ń wò ó. "Baálé mi, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣebí ẹni tó bá pín obì ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

"Obì korò, obìnrin yìí. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló so. Èmi ò ní so ara mi." Ó ju ẹja sẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Ìjàpá fi jẹ àjẹyó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ Tata mọ́. Tata bí ọgbọ̀n, ọgbọ̀n bí ọgọ́rùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yánníbo gbé omi dé ọgbà. Igi tẹ̀tẹ̀ lásán ló bá. Ó káwọ́ lérí.

"Ha! Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Gbogbo omi tí mo pọn!"

Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Èmi tí mò ń sọ ọ́, àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Ìjàpá sáré. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó sáré ní tirẹ̀. Ó bá Kọ̀ǹkọ̀ létí odò.

"Jọ̀ọ́, wá bá mi jẹ Tata!"

Kọ̀ǹkọ̀ ti rù kan egungun. "Ṣebí ìwọ lo ní a ti di ọmọ ìyá? Obì rẹ wà níkùn mi. Ṣé kí n bẹ́ ni?"

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni Ejò wọ́ dé, ebi ń pa á. Àwòdì bà lé igi, ebi ń pa òun náà. Tata náà dé, òun nìkan ló yó. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń dá itọ́ mì.

Àwòdì bá bi í pé, "Ìjàpá, ìwọ jẹ obì tìrẹ?"

"Mo jẹ ẹ́, ọ̀gá mi! Ẹnu mi ṣì ń korò."

"Ẹ jẹ́ ká kà á." Àwòdì dá orin. Ẹ gbè é:

Tata jobì o!
*Awẹ́ kan!*
Kọ̀ǹkọ̀ jobì o!
*Awẹ́ kan!*
Ejò jobì o!
*Awẹ́ kan!*
Àwòdì jobì o!
*Awẹ́ kan!*
Ìjàpá ńkọ́ o?
*Kò fẹnu kàn án!*

Háà! Obì ò ní kí wọ́n má jẹ Ìjàpá! Wọ́n bò ó. Ìjàpá fa orí wọlé, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Àwòdì ń fẹnu sọ ọ́, kó, kó, kó. Ejò yanu títí, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ò wọlé. Kọ̀ǹkọ̀ gùn ún, ó ń fò mọ́ ọn. Tata tó yó pàápàá tutọ́ sí i, ó ní inú ń bí òun náà.

Yánníbo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Obì tí ẹni tó pín in kò tọ́ wò, ṣé obì nìyẹn? Kò sí ohun tó so yín."

Kọ̀ǹkọ̀ rọra yíjú wo Tata. Ejò yíjú wo Kọ̀ǹkọ̀. Àwòdì yíjú wo Ejò.

Pọ́ún! Tata ti fò. Kọ̀ǹkọ̀ gbá tẹ̀ lé e, Ejò gbá tẹ̀ lé Kọ̀ǹkọ̀, Àwòdì gbá tẹ̀ lé Ejò, ó di inú igbó.

"Yánníbo, wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ."

"Àwòdì ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Ẹ jáde, ẹ wá ohun tí a ó jẹ."

Kí ló kù? Koríko. Ó tẹ́ ẹnu sílẹ̀, ó ń jẹ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń jẹ koríko títí dòní. Bó bá sì ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ báyìí, a fa orí wọlé wéré, torí kò mọ ẹni tó ń bọ̀ wá béèrè awẹ́ obì tirẹ̀.

Kí ni, Látóyọ̀sí? Níbo lo máa kọ Ìjàpá sí? Kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tata. Òun ló fẹ́ jẹ lórí gbogbo wọn.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yìí korò lẹ́nu mi bí obì. Bí n kò bá purọ́, kó dùn, kí gbogbo yín lá ọwọ́. Ó yá, ẹ yanu kí n wò, torí ẹ̀gúsí inú igbá yìí ti dín kù.