Màndólìn Tó Dún Láìfọwọ́kàn

Ẹni tó bá rò pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí ilẹ̀kùn olówó, kó gbọ́ ti Ìbídùnní onídìrí. Olóyè Ògúnsẹ̀yẹ nìkan ló ń fọwọ́ gbẹ́ màndólìn, àbúrò jìtá, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kẹ́ mẹ́ta náírà ló sì ń tà á. Nígbà tí Ìbídùnní kó ẹgbàárùn-ún tó fi ọdún kan tù jọ wá, Olóyè rẹ́rìn-ín, ó gbé màndólìn kan láti ara ògiri sórí tábìlì, ó ní, "Bí o bá lè mú kó dún láìfi ọwọ́, igi tàbí èémí kàn án, màá gba owó ọwọ́ ẹ." Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé mo lè fọwọ́ kan àwọn màndólìn tó kù lára ògiri?" Olóyè ní, "Fọwọ́ kan gbogbo ilé bó o bá fẹ́." Àṣà Olóyè ni pé kì í gbé iṣẹ́ kọ́ ògiri láìkọ́kọ́ fún okùn gbogbo wọn sí ohùn kan náà. Ìbídùnní mú ọ̀kan sọ̀kalẹ̀, ó gbé e sún mọ́ tábìlì, ó ta okùn rẹ̀ kíkankíkan, ó sì yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Tọwọ́ rẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ti ràn mọ́ ti orí tábìlì, ó ń kùn bí oyin. "Ọwọ́ yín ló mọ okùn-ún fún, Bàbá," ló wí. Olóyè gba owó náà. Ó ní, "Tètè gbé e lọ, kí àwọn tó kù tó dá ẹ lóhùn."