Àwẹ̀ró àti Ọbẹ̀ Inú Èèpo Ẹ̀pà

Ní ìlú Ìgbó-Ìròkò láyé àtijọ́, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnrìndé, àgbẹ̀ oníṣu. Ọwọ́ obìnrin yìí kì í dilẹ̀. Bó bá ti gbálẹ̀, tó pọnmi, tó wẹ ọmọ tán, ìdí òfì ló ń lọ, nítorí kíjìpá tó ń hun ló fi ń ra epo àti iyọ̀ sílé. Kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò. Ohun tí ẹlòmíràn ń dà sí ààtàn, Àwẹ̀ró á kọ́kọ́ wò ó síwá sẹ́yìn kó tó jẹ́ kó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ àkókò: kò lè jókòó ti ìkòkò tó ń hó kó máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ìwà yìí kò dùn mọ́ Ojúọlápé nínú. Òun ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ògúnrìndé, òun sì ni ìyálé Àwẹ̀ró nínú agbo ilé náà. Lójú tirẹ̀, obìnrin tí ìró odó rẹ̀ kò bá dé ìta láti ìdájí kò tíì dáná fún ọkọ. Ó ti ka ẹjọ́ Àwẹ̀ró sí ìyá ọkọ wọn létí títí etí ìyá náà fi kún.

Nígbà tí òjò rọ̀, Ògúnrìndé bẹ ọ̀wẹ̀ kí wọ́n wá bá a kọ ebè. A kì í sanwó fún ọlọ́wẹ̀, oúnjẹ àjẹyó ni wọ́n ń retí. Ẹni tí kò bá bọ́ wọn yó, ebè rẹ̀ kò ní í parí, kò sì sí ẹni tí yóò tún jẹ́ ìpè rẹ̀ láéláé. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ yìí gan-an ló wá bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn oníyàwó kan, tí ìgbéyàwó wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ń bọ̀ wá gba aṣọ tí Àwẹ̀ró ń hun fún wọn, aṣọ náà kò sì tíì parí. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é.

"Wọ́n ní o kò ní í kúrò nídìí òfì lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ ọkọ rẹ."

"Oúnjẹ á jinná, Ìyá. Aṣọ náà á sì parí."

"Ó dáa. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ebi padà wálé, ọwọ́ ara mi ni n ó fi tú òfì yẹn."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́. Àyà rẹ̀ já gidigidi, nítorí ó mọ̀ pé ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ kó má ṣe é.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ó lọ kó èèpo ẹ̀pà tí àwọn tó ń pa ẹ̀pà dà nù sẹ́yìn ilé wọn. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ńlá kan, tó fi ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ sí, sínú kòtò kan lẹ́yìnkùlé. Ó da èèpo ẹ̀pà yí i ká dé ọrùn, ó sì ti ẹyin iná bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Èèpo ẹ̀pà kì í jó fòfò bí igi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jó lábẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ náà sì ń jinná láìsí ẹni tó ń koná mọ́ ọn. Àwẹ̀ró padà sídìí òfì.

Ojúọlápé wọlé, ó rí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì béèrè ibi tí iyán ọlọ́wẹ̀ wà. Àwẹ̀ró kò gbójú sókè.

"Inú ewé ni n ó gún un, ìyálé mi. Ọbẹ̀ ti wà nínú èèpo ẹ̀pà."

Ohun tí Ojúọlápé ń wá nìyẹn. Kò yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Ó fa ìyá ọkọ wọn lọ́wọ́, ó di oko, ó sì ròyìn fún gbogbo ọlọ́wẹ̀ pé inú èèpo ẹ̀pà ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ wọn. Èèpo ẹ̀pà! Ṣíbí ọbẹ̀ mélòó ni yóò gbà? Wọ́n rí iṣu tí Ògúnrìndé ti gbé kaná lábà, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní kó ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò rí odó. Àwọn kan gbé ọkọ́ wọn kọ́ èjìká. Ògúnrìndé ń bẹ̀ wọ́n, ojú ń tì í. Baba Àkànmú, tó jẹ́ àgbà wọn, ló ní kí wọ́n dúró kí oòrùn kàn tàrí ná.

Oòrùn kò tíì kàn tàrí tí Àwẹ̀ró fi yọ, ìkòkò lórí, ọmọ odó lọ́wọ́. Aṣọ oníyàwó ti parí, ó ti ká a sílé. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàròyé. Ó lọ síbi àpáta ẹ̀gbẹ́ abà, níbi tí òjò ti gbẹ́ ihò bí ojú odó, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti yan lórí iná tẹ́ inú rẹ̀ nípọn nípọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún iṣu gbígbóná. Kò sí pé à ń ru iṣu lọ sílé, à ń ru iyán padà wá sóko. Nígbà tó ṣí ìkòkò, òórùn ọbẹ̀ gba oko kan. Àwọn tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n lọ fọwọ́.

Wọ́n jẹ, wọ́n tún bù. Ebè parí kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ìyá ọkọ Àwẹ̀ró wá dúró síwájú Baba Àkànmú, ó bi í bóyá ó yó, kó má fi ojú àánú wí.

"Ẹ bi okùn ṣòkòtò mi, mo ti tú u," ni baba náà wí. "Wọ́n ní ewé ni wọ́n fi gúnyán, wọ́n ní inú èèpo ẹ̀pà lọbẹ̀ ti jinná. Èmi ò mọ ìyẹn. Mo yó."

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín, Ojúọlápé náà ò lè pa tirẹ̀ mọ́ra, ọbẹ̀ ṣì wà létè rẹ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ wá sídìí òfì tó ní òun yóò tú. Òwú ló gbé lọ́wọ́, ó ní kó bá òun hun ún.

Láti oko Ògúnrìndé lọ̀rọ̀ yìí ti di ti gbogbo ayé, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí a gúnyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.