Ọ̀rá Ojú Tẹlifíṣọ̀n

Ọkùnrin kan wà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bínú kúrò nílé. Ó wá a títí, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, irú èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ kedere, kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Ẹni tó wá so ó sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n nìkan kò tó. Àwọn tó ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e jáde ní kedere, díkódà gbọ́dọ̀ lè gbà á bẹ́ẹ̀, okùn tó so wọ́n pọ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gbé e. Bàbá ra gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé dííṣì sórí òrùlé. Ohun kan ló kọ̀: kò jẹ́ kí wọ́n bó ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n láti ilé ìtajà.

"Bàbá, á máa dí yín lójú."

"Fi sílẹ̀. Tí o bá bó o, kí ni àlejò á fi mọ̀ pé tuntun ni?"

Kò pẹ́ tí eruku fi wọ abẹ́ ọ̀rá náà. Gbogbo àwòrán wá dà bí ohun tí ènìyàn ń wò nínú ọyẹ́.

Lálaalẹ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ṣàfihàn àwòrán kan náà, ti àwọn tó ń kọ́ afárá kan. Ìyàwó rẹ̀ á dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀fọ́ tó ń já.

"Bàbá Dérìn, ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì yẹn, ìrìn Dérìn ló ń rìn."

"Lánàá, ẹni tó ń ka ìròyìn lo ní ó jọ ọ́. Tó bá di ọ̀la, gómìnà ni."

Ìyá padà sórí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sípàdé, ó fi èékánná bó ọ̀rá náà kúrò. Ọkọ dé, ó rí i, ó la ẹnu láti bú u, ni afárá bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó rí òógùn lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́. Ó rí etí tí ajá aládùúgbò gé jẹ nígbà tí Dérìn wà ní kékeré. Dérìn ni. Ó ti rù, ojú rẹ̀ sì kọ sí wọn tààrà. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ síbi afárá náà.

"Dérìn? Ẹ pẹ́ o," ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló lọ, kò sọ ibi tó ń lọ. Ó máa ń sọ fún wa pé àwọn òbí òun á ti rí òun nínú tẹlifíṣọ̀n, pé wọ́n ń bọ̀."

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o ti ra ohun gbogbo tó yẹ sílé, o sì ń tọ́jú rẹ̀ de ojú àlejò. Ọmọ tìrẹ kò tíì lọ. Bí o bá délé nírọ̀lẹ́ yìí, wò ó dáadáa.