Ìpàkọ́ Àjàgbé

Ní ayé ìgbà tí odi ṣì yí ìlú Ìlápá ká, igi kan wà lẹ́nubodè ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbétì. Igi apá ni, ó gùn, ó ki, àwọn alágbẹ̀dẹ sì fi irin dè é ní orí méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, oníbodè yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò fi dí ìdí ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò gbé e láti ilẹ̀ dé àyà, láti àyà dé òkè orí, yóò sì fi lé orí òpó méjì tó ga ju ènìyàn lọ, kí èrò ọjà lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ní í gbé e. Àwọn ará Ìlápá ní àwọn kò lè fi ẹnubodè sọ́wọ́ ẹni méjì, kí wọ́n má baà máa di ẹ̀bi ru ara wọn lọ́jọ́ tí ogun bá wọlé.

Oníbodè kú, ó ku Àjàgbé ọmọ rẹ̀. Ilé ẹnubodè ni wọ́n bí Àjàgbé sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni Àbẹ̀bí ìyá rẹ̀ ń gbé. Baálẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un pé ní ìtàdógún òní, kó wá gbé Àgbétì lójú gbogbo ìlú. Bí kò bá lè gbé e, kí òun àti ìyá rẹ̀ kó ẹrù wọn jáde, kí Bámgbàlà wá gbìyànjú tirẹ̀. Bámgbàlà yìí ti ń wá ipò náà lójú méjèèjì láti ọjọ́ tí òkú oníbodè ti wọlẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba Àjàgbé. Ó sígbọnlẹ̀, ọwọ́ kan ni ó fi ń gbé odó ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí ní kó wá ẹni tí yóò kọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí wọ́n kọ́ mi ní kí ni? Ẹrù gbígbé? Ta ló kọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

Ṣùgbọ́n Àgbétì kò mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe. Lójoojúmọ́ ni Àjàgbé ń gbé e dé àyà láìmí gúlegúle. Bó bá ti kọjá ojú rẹ̀ báyìí, igi á fì sẹ́yìn, á sì já lulẹ̀ gbì. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó lọ dúró sí ẹnu àrọ, ó ń bú alágbẹ̀dẹ pé ó ti fi irin kún orí igi náà kan ju èkejì lọ. Ó ní Bámgbàlà ti sa òògùn sí i. Gbogbo ayé ló jẹ̀bi, àfi òun nìkan.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí àtíbàbà rẹ̀ kọjú sí ẹnubodè, Gbádéró lorúkọ rẹ̀. Ó ti darúgbó, ó gbẹ, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a pọn omi tó fi ń fá orí oníbàárà. Lọ́jọ́ kan tí igi já lulẹ̀ nígbà kẹta, ó gbé abẹ sílẹ̀.

"Àjàgbé, ìpàkọ́ rẹ ló ń ṣe ọ́. Bí igi bá ti ń gòkè, o ń gbé ìpàkọ́ lé ẹ̀yìn, ojú rẹ á máa wo ọ̀run, igi á sì bá ojú rẹ lọ."

"Ìwọ!" Àjàgbé pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pe àgbàlagbà ní ìwọ. "Ìwọ tí o kò lè ru ìkòkò omi, ìwọ ni yóò kọ́ ọmọ oníbodè ní igi gbígbé? Ta ló ni ìpàkọ́? Èmi ni mo ni ín, mo sì mọ ibi tó wà!"

Gbádéró mú abẹ rẹ̀, ó ń fá orí lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Bámgbàlà gbé ìtì igi kan wá sí gbàgede, ó fẹ́ fi dánra wò. Àjàgbé kò tíì wò ó pẹ́ tó fi pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọ̀bọ yìí! Ìpàkọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹ̀yìn tán! Báwo ni igi kò ṣe ní já?" Igi sì já lóòótọ́.

Àbẹ̀bí wà níbẹ̀. Inú bí obìnrin náà ju bí inú ti ń bí ọmọ rẹ̀ lọ. Ó fa Àjàgbé létí aṣọ, ó wọ́ ọ dé àtíbàbà.

"Kúnlẹ̀! Bẹ bàbá yìí! Ṣé ojú rẹ kò fọ́ sí ti Bámgbàlà, tìrẹ ni o kò rí? O fẹ́ kí n fi sàréè ọkọ mi sílẹ̀ nítorí ìgbéraga rẹ!"

Àjàgbé kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi bẹ̀bẹ̀. Gbádéró kò bá a jiyàn. Ó fá ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó bu osùn, ó sì fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín èjìká méjèèjì.

"Ó yá, lọ gbé e."

Àjàgbé gbé e, ó já.

"Fọwọ́ kan ìpàkọ́ rẹ."

Ó fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ pupa fòò. "Ẹ̀jẹ̀! Wọ́n ti fi abẹ gé mi!"

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Osùn ẹ̀yìn rẹ ni, ìpàkọ́ rẹ ló lọ kàn án."

Àjàgbé wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ojú tì í débi pé kò lè bínú mọ́. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti rí i?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Ìpàkọ́ aráyé ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n tèmi, ìyàwó mi ní í bá mi fá a."

Ọjọ́ ìtàdógún pé. Gbádéró dúró sẹ́yìn Àjàgbé. Bí igi ti kúrò láyà, ó kígbe pé, "Ìpàkọ́!" Àjàgbé na ọrùn ró, ó tẹjú mọ́ iwájú, ó gbé Àgbétì gun òpó méjèèjì. Igi dúró.

Ni àwọn ará ilé Bámgbàlà bá fò dìde. "Òjóóró! Ẹni méjì ló gbé e! Onígbàjámọ̀ ló ń kọ́ ọ!"

Ìbínú Àjàgbé tún ru, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nítorí bàbá náà ni. "Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ́ mi! Ọwọ́ wọn kò kan igi, ojú wọn ni wọ́n yá mi. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ pé síbí, ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ìpàkọ́ ara rẹ̀ rí, kó jáde síta, kó wá gba ilé bàbá mi!"

Bámgbàlà fẹ́ jáde, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn orí, ó sì padà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó jáde. Baálẹ̀ bá ní Àjàgbé ni oníbodè, kí Àbẹ̀bí padà sínú ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.