Ohùn Dùùrù Tí Ó Kó Ẹrù Rẹ̀ Jáde

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ fi ìdí lé ìjókòó dáadáa, kí ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀pà gbé e sílẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò fẹ́ ariwo ẹnu. Ìyanu pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ ó rí ohùn tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ ó rí ìlú tí etí àwọn ará ibẹ̀ ti rọ, ẹ ó sì rí iwin oníka méjìlá. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wí fún yín pé inú ń bí mi. Irú ọ̀dọ́ tí ìtàn yìí dá lé lórí pọ̀ láàárín yín, ẹni tí ó fẹ́ kí a máa pe òun ní ọ̀gá kí ó tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá wà níbí, kí ó má wulẹ̀ bo ojú, mo ti rí i ná.

Adéṣuyì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ kátíkíìsì ìlú Òkè-Arọ̀jò, Adéṣuyì a-tẹ-dùùrù-bí-ẹni-lé-adìẹ, a-mi-orí-níwájú-ìwé-tí-kò-lè-kà, afínjú ọ̀lẹ tí ń fi aṣọ funfun bo iṣẹ́ dúdú. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni bàbá rẹ̀ fà á lé Tíṣà Ọlárìnmóyè lọ́wọ́, arúgbó tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù láti inú ìwé fún ogójì ọdún. Òfin Tíṣà kò le: ní àràárọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wákàtí kan tẹ dò rè mí lọ sókè, kí ó tẹ̀ ẹ́ padà sísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, ọwọ́ òsì lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà kí ó ka àmì orin inú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adéṣuyì kò ṣe é. Etí rẹ̀ mú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí Tíṣà bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ ti gbé e lọ. Nítorí náà, ó máa ń ṣí ìwé síwájú, á tẹjú mọ́ ọn, á sì máa mi orí bí ẹni tí ń kàwé, nígbà tí ó jẹ́ pé kò mọ ẹyọ àmì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi irọ́ náà gba ipò atẹdùùrù nínú ìjọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn akọrin ń lọ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú orin, Adéṣuyì ń sá síwá sẹ́yìn lórí eyín dùùrù kí àwọn ọmọbìnrin lè wò ó, àfi bí ìdérí dùùrù ṣe ṣí fúnra rẹ̀. Obìnrin gíga kan jáde láti inú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun, ó ru àpò rẹ̀ sórí. Ohùn dùùrù gan-an ni. Ó ní: “Adéṣuyì, ọdún mẹ́wàá ni o ti ń tẹ̀ mí, o kò bèèrè orúkọ mi rí. Mo ń lọ sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ mí.” Ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde. Adéṣuyì tẹ dùùrù, igi ni ó gbọ́ tí ń ró pó, pó, pó.

Bàbá Ìjọ dìde, ó ní: “Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ọjọ́ ìkórè ìjọ tó dé. Bí ohùn yìí kò bá padà kí ọjọ́ náà tó pé, o kò ní jókòó lórí àga yìí mọ́ láyé.” Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Adéṣuyì kò ní oko, kò kọ́ṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ràn ohunkóhun láyé bí kò ṣe àga yẹn. Ẹkún gidi ni ó sun, àánú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ igbó lọ láti wá ohùn náà.

Ó rìn fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì dé Ìlú Apàtẹ́wọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ tí ó nípọn bí odó, ṣùgbọ́n etí wọn ti rọ, ó ń já bọ́. Adéṣuyì sọ àpò kalẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó fi ìka lu tábìlì bí ẹni ń tẹ dùùrù, wọ́n ké pé, “Ọ̀gá ni! Kò sí irú rẹ̀!” Ẹ wo ọmọ tí iná ń jó ilé rẹ̀, tí ó jókòó tí ń jẹ ìyìn bí ẹni ń jẹ iyán! Ọjọ́ méje gbáko ni ó lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ewúrẹ́ kan wú ikọ́ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ewúrẹ́ náà ju bí wọ́n ti ṣe fún un lọ. Ìbínú ni ó fi kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó dé orí òkè kan tí ilé kan ṣoṣo wà, iwin oníka méjìlá sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Àtúntẹ̀ ni orúkọ ìyá náà. Dùùrù kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, Adéṣuyì sì rí ohùn tí ó sá lọ nínú yàrá, ó ń sùn.

Adéṣuyì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kúulé o, Ìyá. Ohùn ìjọ wa ni mo wá mú lọ.”

“A kì í mú un, a máa ń bá a rẹ́ ni,” ni iwin wí. Ó ṣí ìwé orin ìjọ. “Tẹ èyí fún mi, bí ó ti wà nínú ìwé.”

Orin tí Adéṣuyì ti ń tẹ̀ láti kékeré ni. Ó mi orí sí ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ń retí àtẹ́wọ́. Iwin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ní ìlà kẹta, àmì orin kan wà nísàlẹ̀ fún ọwọ́ òsì. O fò ó. Ta ni ó kọ́ ọ?”

“Tíṣà Ọlárìnmóyè ni, Ìyá.”

“Ǹjẹ́ ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ti gan?”

“Ó ti gan, láti ìgbà tí ó ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́.”

“Ìka rẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́ ni kò ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú ìwé, gbogbo ẹni tí ó bá lè kà á ni yóò rí i. Ìwọ tí ìka rẹ pé, o kò rí i, nítorí o kò kàwé rí. Àìsàn bàbá arúgbó ni o kọ́, o fi ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.”

Ojú ti Adéṣuyì, ṣùgbọ́n ìtìjú nìkan kì í kọ́ òmùgọ̀.

Iwin ní: “Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó kù. Mo mọ ọ̀nà àbùjá tí yóò gbé ọ délé ní ọjọ́ kan. Fi ọjọ́ méje tí ó ṣẹ́kù kọ́ orin kan péré lọ́dọ̀ mi, èyí tí ó kéré jù nínú ìwé àwọn ọmọdé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn yóò bá ọ lọ, yóò sì dá ọ lóhùn lórí orin yẹn. Èyí tí ó kù, wàá máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.”

“Èmi? Orin àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ní ọjọ́ ìkórè? Ìyá, wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!”

Ẹ gbọ́ o! Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, alágídí ń wá ihò tí yóò gbà wọlé. Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí ó ti wà níbẹ̀, tí iwin lọ pọn omi, Adéṣuyì yọ́ wọ yàrá, ó da àpò bo ohùn náà bí ó ti ń sùn, ó gbé e lé èjìká, ó sì sá. Ó fi ẹ̀gún ya aṣọ, ó fi òkúta ya ẹsẹ̀, ó sì délé ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè gan-an.

Ìjọ kún. Adéṣuyì yan wọlé, ó tú àpò sínú dùùrù, ohùn sì wọlé rẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó. Nígbà náà ni ohùn sọ̀rọ̀ láti inú dùùrù, tí tọmọdé tàgbà gbọ́: “Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ń kan ilẹ̀kùn mi yìí? Èmi àti òun kò mọra.”

Bàbá Ìjọ fà á dìde lórí àga. Tíṣà Ọlárìnmóyè ni ó rọra wá jókòó síbẹ̀, ohùn sì dá a lóhùn, ilé Ọlọ́run kún fún orin. Ìdí igi máńgòrò níta ni Adéṣuyì ti gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Arúgbó náà kò bá a wí. Ó ṣí ojú ewé kìíní nínú ìwé àwọn ọmọdé, ó fi ìka lé àmì àkọ́kọ́, ó bi í pé, “Kí ni èyí?”

Irọ́ ọdún mẹ́wàá dé ẹnu Adéṣuyì, ó gbé e mì.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Ó dára,” ni Tíṣà wí, ó sì fa àga fún un. “Òní ni o bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ dùùrù, tí ẹ ń kọ́ fèrè àti fáólìn láti inú ìwé, ọ̀rọ̀ mi nìyí: àtẹ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́, etí mímú kì í sì í ṣe ìmọ̀. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ẹ sọ fún olùkọ́ yín pé ẹ kò mọ̀, kí dùùrù tó sọ ọ́ níwájú ìjọ. Mo ti sọ tèmi; ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí, kí ó dìde níbí, kí ó lọ jókòó sídìí dò rè mí rẹ̀.