Òkété Tó Ń Dùbúlẹ̀ Jìjàkadì

Àlọ́ mi rèé o. Ẹni tí ebi ń pa kó jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Ìkókórè, ewùrà rírin tí wọ́n fi ẹja sè, ni Òkété fẹ́ jẹ. Kì í ṣe ìkókórè àwo kan o, odindi ìkòkò ni, èyí tí Ìyá Awó máa ń sè lọ́jọ́ ìjàkadì ọdọọdún, tí orí ẹja máa ń yọ síta nínú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí aráàlú. Ẹni tó bá borí gbogbo ẹranko ló ni ìkòkò náà. Ẹni tó bá pàdánù nínú ìjà ìkẹyìn ni yóò rin ewùrà ọdún tó ń bọ̀ fún gbogbo igbó. Ẹ sì mọ ewùrà: bó bá kan ọwọ́, ọwọ́ á máa yún èèyàn títí dé inú àlá.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀ ti ṣubú nìyẹn. Òkété wo ara rẹ̀, ó rí i pé afẹ́fẹ́ lásán lè dá òun. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Òbúkọ lọ, ẹni tó ń dájọ́ ìjà nítorí pé òun ló ní irùngbọ̀n.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lọ sùn, ṣé ẹní ló dá a?"

Òbúkọ fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Rárá. Ó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Bí èmi náà bá wá dùbúlẹ̀ fúnra mi lójú agbo, ta ló dá mi?"

Òbúkọ ronú, ó jẹ ewé mẹ́ta, ó tún ronú sí i. "Kò sẹ́ni tó dá ọ. Láti òní lọ, ó di ìgbà tí ẹnì kan bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé 'mo gbà' kó tó ṣubú."

Bí òfin ṣe yí padà nìyẹn. Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ni tèmi?

Ọjọ́ ìjà pé. Ìkookò bọ́ sójú agbo, Òkété fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Gbogbo ayé bú sẹ́rìn-ín. Ìkookò bẹ̀rẹ̀ láti gbá a mú, Òkété di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́yìn orúnkún. Ìkookò tì í. Òkété kò tì í padà, ó fà á síbi tó ń lọ. Gbì! Kí eruku tó rọlẹ̀, Òkété ti gun àyà rẹ̀, ó ti fún un lọ́rùn.

"Mo gbà!"

Ẹfọ̀n ní tirẹ̀ fura, ó fà sẹ́yìn. Òkété bá a tì í sẹ́yìn. Gbàà! Ilẹ̀ mì dé ìlú kejì, adìyẹ kan níbẹ̀ sì yé ẹyin méjì láìròtẹ́lẹ̀. Ẹfọ̀n náà ní òun gbà.

Ó wá ku Erin nìkan, ìjà di ọjọ́ kejì. Òkété rò ó wò pé bí Erin bá lọ ṣubú lé òun, òun di ẹní. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó kọjá sílé Erin.

"Ẹ̀gbọ́n, àánú yín ló ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí n fi àṣírí mi hàn yín. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló pàdánù."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò sí lẹ́yìn náà. Ó parí síbẹ̀."

Ẹ gbọ́ irọ́! Lẹ́yìn náà ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún. Gígun àyà, fífún ọrùn, ìyẹn ló fi pamọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí Erin bá ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, òun á kàn rìn lọ gun ọrùn rẹ̀ ni. Erin kò mọ̀. Òun ló pàdánù lọ́dún tó kọjá, òun ló sì rin ewùrà ọdún yẹn, ọwọ́jà rẹ̀ ṣì ń yún un, ó sì ti búra pé òun ò tún rin ín mọ́. Ó dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, Erin fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin lókè. Àwọn òǹwòran tí oòrùn ń pa lọ jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Òkété sáré síbi ọrùn. Erin kàn mi ẹsẹ̀ kan ni, Òkété fò lókè, ó balẹ̀ sínú irùngbọ̀n Òbúkọ. Ó tọrọ àforíjì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá ara rẹ̀ nínú irùngbọ̀n yẹn. Àṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jà! Ló bá lọ dùbúlẹ̀ ní tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Erin, ojo ni yín! Ẹ dìde wá bá mi!"

"Olùkọ́ mi ní kí n má dìde," ni Erin wí.

Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Oòrùn yẹ̀. Òbúkọ sùn, ó jí, ó béèrè ẹni tó borí, wọ́n ní kò tíì sí, ó sì padà sùn.

Ìyá Awó ṣí ìkòkò. "Ìkókórè ń tutù o!"

Òórùn ẹja gba imú Òkété wọlé. Imú ló kọ́kọ́ dìde, lẹ́yìn náà ni orí, lẹ́yìn náà ni gbogbo ara tó kù. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ Erin kọjá, ó forí lé ìkòkò.

Erin na ọwọ́jà, ó fi gbá a lẹ́sẹ̀. Òkété yí gbirigbiri. Kí eruku tó rọlẹ̀, Erin ti yí ara padà, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e lórí, kò jẹ́ kó kàn ju irun imú rẹ̀ lọ.

"Yéè! Ta ló kọ́ yín nìyẹn?"

"Ebi ni."

"Mo gbà! Mo gbà! Mo gbà!"

Òbúkọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Erin jẹ ìkókórè, ó bu ìyókù fún gbogbo agbo. Nígbà tí ọdún yípo, Òkété ló jókòó ti òkìtì ewùrà, tó ń rin ín, tó ń họra.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Bí ẹ bá ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, ẹ kọ́ ọ tán. Ìdajì tí ẹ bá fi pamọ́, ebi á kọ́ ọ, orí yín ni yóò sì ti kọ́kọ́ dán an wò.